Ọta Ìbọn Kì í Gbé Inú Ike Áísìkirimù

Snellville,
Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Fúnmiláyọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara mi le, ẹsẹ̀ tó ń ro mí ti dákẹ́, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ tuntun rẹ ń lọ dáadáa. Ìkíni tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, "Okay, Mummy, okay, Mummy" ni wàá máa sọ, wàá sì máa fọ abọ́ rẹ lọ. Ṣé o rò pé n kì í gbọ́ ìró omi ni? Ìwé kò ní "okay, Mummy" nínú. Jókòó kí o kà á tán. Má sì sáré lọ wo ìparí o. Mo mọ̀ ọ́: láti kékeré lo ti máa ń ka ojú ewé tó kẹ́yìn kí o tó ka ti àkọ́kọ́. Ohun kan wà nísàlẹ̀ tí mo fẹ́ kí o bá ní àyè rẹ̀. Bí o bá kọ́kọ́ lọ bá a, gbogbo ìmọ̀ràn tó wà lókè yìí kò ní wọ̀ ọ́ létí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti kíṣìnì rẹ.

Ní Sátidé tó kọjá tí mo wá wo ilé rẹ ní Hampton, o ní kí n bá ọ ro ọbẹ̀. Mo ń wá ata gígún. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá ike áísìkirimù mẹ́ta tí o tò síbẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, ta ló ń retí áísìkirimù nínú ike áísìkirimù? Ẹ̀gúsí ló wà nínú èkínní, edé ló wà nínú èkejì. Mo ṣí ẹ̀kẹta, mo sì ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ kí n tó wo inú rẹ̀. Ṣíbí dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ọta ìbọn ló kún un dé ẹnu.

"Fúnmi, kí lèyí?"

"Ha, Mummy, ẹ rọra o. Ọta ni."

"Mo rí i pé ọta ni. Iṣẹ́jú mélòó la fi ń sè é?"

"Mummy, ẹ̀yin náà!"

"Mo ń bi ọ́ ni. Ohun tó bá wà láàárín ẹ̀gúsí àti edé, sísè la máa ń sè é. Ta ló fún ọ?"

"Uncle Délé ni, Mummy. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi."

Ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn ọbẹ̀ náà. Mo ta ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní College Park, mo sì lọ kọ́ nípa òwò ní yunifásítì lẹ́yìn tí mo ti bí ọ. Nínú méjèèjì, n kò tíì rí ọ̀fẹ́ tí kì í padà wá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Lẹ́yìn èyí ni o wá sọ ohùn rẹ kalẹ̀, bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí o bá gbòdo nínú ìṣirò. O ní ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn tó wá wo eré ìje mọ́tò kún gbogbo ọ̀nà Hampton, ẹnì kan wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó tún un yí. Kámẹ́rà iwájú ilé kò rí ẹnikẹ́ni. O ní o yọ ìbọn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde nínú dúróò, o dúró ní kọ́rídọ̀, o kọjú ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀kùn. O wá sọ gbólóhùn tí kò kúrò létí mi títí mo fi wakọ̀ dé ilé: "Mummy, ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ọta ni kò sí nínú rẹ̀. Mi ò tíì mọ irú èyí tí mo máa rà." Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e lo sọ fún Uncle Délé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dá gbé. O kò sọ ti ilẹ̀kùn fún un. Òun náà kò bi ọ́. Ó kàn gbé ike wá.

N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ, mo gbé e lọ. Ohun tí n kò sọ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Èkínní. Ọta kì í kúrò nínú páálí tí ilé iṣẹ́ kó o sí, àfi tó bá ń bọ̀ wá sínú ìbọn. Páálí ni orúkọ rẹ̀. Ìwọ apòògùn, ìwọ tí o ń wo orúkọ aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó na oògùn sí i, ṣé wàá bu egbòogi fún ènìyàn láti inú ike áísìkirimù pé Uncle kan ló ní ó dára? Mo mọ̀ pé àṣà wa ni. Gàrí nínú ike kọ́sítáàdì, epo nínú ìgò ọtí, ìrẹsì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà. Gàrí kì í bú gbàmù o.

Nígbà tí mo délé, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo fi gíláàsì ìkàwé mi wò ó. Ìdílé méjì ló wà nínú ike kan. Wo ara ọ̀pá ìbọn rẹ: wọ́n kọ .380 síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ọta náà, .380 ni wọ́n kọ sí ìdí wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, 9mm ni. Tò wọ́n sí ẹgbẹ́ ara wọn, wàá rí i pé ìbàdí wọn dọ́gba, èkejì kàn ga díẹ̀ ni, bí ìbejì tí ọ̀kan ń jẹun ju èkejì lọ. Bí èyí tó ga bá bọ́ sínú ìbọn rẹ, ìbọn náà kò ní lè pa ẹnu dé. Yóò há. Wàá wà ní kọ́rídọ̀, wàá máa bá irin jà, ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yóò sì máa bọ̀. Ẹ̀tàn mìíràn tún wà níbẹ̀: páálí .380 kan tó bá ti òkè òkun wá lè ní "9mm Short" lára. Ìyẹn dára fún ìbọn rẹ, èyí tí wọ́n kàn kọ 9mm tàbí 9mm Luger sí ni kò dára. Má fi orí méfò. Ìwé tó bá ìbọn rẹ wá ni kó sọ fún ọ, kì í ṣe ojú rẹ, kì í ṣe Uncle, kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

Èmi náà ti ra ìràkurà rí. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa ní College Park, tí mo gba ìbọn nítorí pé èmi nìkan ló ń ti ṣọ́ọ̀bù lálaalẹ́, bí mo ṣe ń ra tòmátò alágolo ni mo ra ọta. Èyí tó pọ̀ jù tó sì rọjú jù ni mo kó. Mo dé réènjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ìbọn há. Mo sọ pé ìbọn ni kò dára, mo lọ tà á, mo ra òmíràn. Èyí náà há. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jókòó lẹ́yìn mi níbẹ̀, ó ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé o fẹ́ ta gbogbo ìbọn ìlú Atlanta tán kí o tó pààrọ̀ ọta ni?" Mo pààrọ̀ ọta, kò sì há mọ́.

Èkejì. Má gba ọta tí ẹnì kan kì nínú gáréèjì rẹ̀. Mo mọ̀ pé Uncle Délé máa ń ṣa èèpo òfìfo ọta tí wọ́n ti yìn ní réènjì, tí yóò tún rọ ẹ̀tù sí i, tí yóò fi orí tuntun dé e. Kó máa yìn ín nínú ìbọn tirẹ̀, òun ló mọ bó ṣe wọn ún. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Bó bá kéré jù, orí ọta lè há sínú ọ̀pá; èyí tó bá tẹ̀ lé e ló máa wá fa wàhálà. Bí ìró ọta kan bá dún bí ìgbà tí ènìyàn húkọ́, tí kò dún bí ti tẹ́lẹ̀, dúró níbẹ̀. Má fà á mọ́. Pe àwọn tó ń ṣọ́ réènjì.

Mo ti gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ: "Mummy, àgbà ni wọ́n, báwo ni mo ṣe máa kọ ẹ̀bùn wọn?" Ó dára, mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀bùn tí kò ní dìjà: "Ẹ ṣé gan-an, sà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìwé ìbọn mi ló ní ti ilé iṣẹ́ nìkan ni kí n máa lò." Di ẹ̀bi ru ìwé. Ìwé kì í bínú, kì í sì í lọ ròyìn ẹni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ tí o ti ra ìbọn yẹn lo ti ń sọ pé o ṣì ń ronú irú ọta tí wàá rà, n kì í sì í lè dúró de ènìyàn tó ń ronú. Ní Ọjọ́ Ajé mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan fúnra mi. Ọmọdékùnrin onírùngbọ̀n kan gbé páálí kékeré kan jáde tí wọ́n ya orí òkú sí. Ó ní èyí ni àwọn obìnrin ń rà, pé kò sí ohun tó lè dúró níwájú rẹ̀. Mo bi í pé, ṣé o ti yìn ín nínú irú ìbọn tí ọmọ mi ní yìí rí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ma'am, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní ọkàn mi balẹ̀, ìbéèrè mi ni kò tíì balẹ̀. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà kò yìn ín rí. Àwòrán orí òkú ni wọ́n ń tà. Fura sí páálí tó bá ń halẹ̀ mọ́ ọ.

Wàyí o, ohun tí mo mọ̀ nìyí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi dán an wò.

Ọta ìdánrawò yàtọ̀ sí ọta ilé. Ti ìdánrawò, orí rẹ̀ yípo, bàbà bo gbogbo rẹ̀, kò wọ́n, ó sì ń wọ inú ìbọn geere. Òun ni kí o máa yìn sí bébà ní réènjì títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ ìbọn náà. Ṣùgbọ́n bó bá kan nǹkan, ńṣe ló máa ń la á kọjá tó sì ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo èyí tó ní ihò lórí nínú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní hollow point. Bó bá wọlé sára, orí rẹ̀ máa là bí òdòdó, ó sì máa tètè dúró. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí nìyẹn. Ìbọn rẹ kéré, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, agbára .380 náà kò sì pọ̀. Òmíràn wà tí orí rẹ̀ kì í là rárá láti inú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí aṣọ òtútù nìkan ti dí ihò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ orúkọ kan fún ọ pé òun ni kí o rà. Ra páálí oríṣi méjì tàbí mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Yìn wọ́n nínú ìbọn tìrẹ, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe èyí tí o yá. Èyí tó bá há lẹ́ẹ̀kan péré ní réènjì, kò gbọdọ̀ sùn nílé rẹ. Èyí tí kò há, tí ọwọ́ rẹ sì gbà, òun ni tìrẹ. Bí o bá rí àmì +P lára páálí, ẹ̀tù rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìwé ìbọn rẹ kò bá sọ pé ó gbà á, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Wọ́n tún máa sọ fún ọ pé ìbọn .22, èyí tí ọta rẹ̀ kéré jù, kò wúlò, pé ìṣeré ọmọdé ni. Irọ́ ni ìdajì rẹ̀. Ìbọn kékeré yẹn tí wọ́n tà fún ọ pé ó bá obìnrin mu, ó fúyẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ta ọ́ lọ́wọ́. Mo wò ọ́ ní réènjì nígbà tí o yá ti ibẹ̀ wò: o ti ń di ojú kí o tó fà á. Kọ́kọ́ lo .22 mi. Kì í ta ni, ọta rẹ̀ kò wọ́n, wàá sì lè yìn ín títí ojú rẹ yóò fi yé sá. Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ ni pé n kò ní gbé ẹ̀mí mi lé e lọ́wọ́. Etí ìdí ọta rẹ̀ ni ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù wà, nígbà mìíràn wàá fà á, yóò kàn dún "kọ́" lásán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, má yí ẹnu ìbọn sí ara rẹ o! Jẹ́ kó máa wo iwájú, dúró díẹ̀, torí ó lè pẹ́ kó tó bú, kí o tó yọ ọ́.

N kò rántí ẹ̀kelòó tí mo dé. Kò burú.

Má jẹ chin-chin ní réènjì. Mo rí ọ. Òjé wà nínú èéfín yẹn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ àti ojú rẹ kí o tó fi kan ẹnu, kí o sì bọ́ aṣọ yẹn kí o tó jókòó sórí àga mi.

Má máa yọ ọta kan náà lówùúrọ̀ kí o tún máa tì í padà lálẹ́ lójoojúmọ́. Orí rẹ̀ máa ń rì sínú díẹ̀díẹ̀, agbára rẹ̀ á wá le ju bó ti yẹ lọ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Bó bá kúrú sí i, ó ti tán nìyẹn.

Àti ìbọn àti ọta, inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n wà, ní yàrá rẹ, kì í ṣe ní kíṣìnì. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa wá síbi ìdúpẹ́ ilé tuntun rẹ. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tó máa rí ike áísìkirimù tí kò ní ṣí i, èmi alára ṣí i.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọta ìbọn ló ń la irú ògiri tí wọ́n fi kọ́ ilé rẹ yẹn kọjá, títí kan oníhò lórí. Ẹfun àti bébà ni wọ́n fi ṣe é. Dúró ní kọ́rídọ̀ ní ọ̀sán gangan, kọjú sí ibi gbogbo tí o lè kọjú ìbọn sí, kí o bi ara rẹ pé: ta ló wà lẹ́yìn ibẹ̀? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, àgbàlá ni, lẹ́yìn àgbàlá ni yàrá ọmọ aládùúgbò rẹ. Ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì rẹ, yàrá àlejò ni. Nígbà tí mo bá wá, ta lo máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún níbẹ̀? Ibi tó dára jù fún ọ kì í ṣe kọ́rídọ̀. Wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, pe ọlọ́pàá, kí o sì sọ̀rọ̀ sókè. Ẹyin lohùn ni wọ́n ń sọ. Ọta ìbọn ju ẹyin lọ. Ohùn tó fọ́, ẹ̀bẹ̀ lè tún un ṣe.

Ó kù ti Uncle Délé.

N kò ní purọ́ fún ọ, mo ti fura sí i kó tó di ti ike. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń ṣiṣẹ́ shift òru ní ibi ẹrù ọkọ̀ òfuurufú ní College Park, tí ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tìrẹ, ó wá ń fún ọmọ mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún ní òun máa wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́? Ìfura loògùn àgbà. Àjà ò fura, àjà jìn. Mo pè é ní àná.

"Bọ̀dá Délé, kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Ha! Ìyá Fúnmi, ẹ káàárọ̀ ná."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́? Ọmọ wa tó dá gbé, tó ní ẹ̀rù ń ba òun, kí n máa wò ó?"

"Ike ọta lẹ fi ń kí ọmọ ọlọ́mọ kú ilé tuntun?"

"Ìyá Fúnmi, ẹ má bú mi o. Iṣu ni mo kọ́kọ́ gbé lọ! Iṣu gidi, tó gùn tó báyìí. Mo tún gbé e padà wálé ni."

"Iṣu wo?"

"Iṣu tí mo rà fún un. Mo yà níbẹ̀ bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Mi ò lè fi iṣu sílẹ̀ fún ẹranko inú igbó."

Fúnmi, mo dìde lórí àga.

"Ilẹ̀kùn wo lẹ kàn, Bọ̀dá?"

"Ti ẹ̀yìn ni, ti kíṣìnì. Ṣé àlejò ni mí ni, tí màá máa gba pálọ̀ wọlé? Mo tiẹ̀ yí i wò, mo rò pé ó ti ṣí i sílẹ̀."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ yẹn tí àwọn eléré mọ́tò dí gbogbo ọ̀nà. Ó yẹ kí n ti délé kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ṣé ẹ kí àgò?"

"Àgò kẹ̀? Ní Amẹ́ríkà? Kí n máa pariwo lẹ́yìn ilé ènìyàn ní ìdájí, kí wọ́n pe ọlọ́pàá sí mi?"

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Bọ̀dá Délé, ọmọ náà wà ní kọ́rídọ̀. Ó na ìbọn sí ilẹ̀kùn yẹn."

Ohùn rẹ̀ wá kéré.

"Ìyá Fúnmi, ṣé ọta wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí, sà. Kò tíì rà."

"Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e... èmi ni mo gbé ọta fún un."

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó bú sẹ́kún, Fúnmi. Ọkùnrin tó lágbára bẹ́ẹ̀.

Gbọ́, n kò dá ọ lẹ́bi, n kò sì ní kí o ta ìbọn náà. Obìnrin tó dá gbé lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀, èmi náà gbé e láti ọdún tó ti pẹ́. Ìfura rẹ dára. Àmọ́ ó dúró sí àárín ọ̀nà, kò béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. O kò pariwo "Ta nìyẹn?" Òun náà kò kí àgò. Yorùbá méjì, ilẹ̀kùn kan, ẹ dákẹ́ síra yín torí ẹ wà ní Amẹ́ríkà. Ní ilé bàbá mi, ẹni tó bá wọlé láìkí àgò, a kì í fún un lóúnjẹ. Mo rò pé àṣejù ni nígbà náà. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, láti òní lọ: kí o tó fọwọ́ kan àpótí yẹn, ohùn rẹ ni kó kọ́kọ́ jáde. "Ta nìyẹn?" ní Yorùbá, kí o tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ yàrá kí o pe ọlọ́pàá. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lọ sí Hampton láìpè lórí fóònù, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn, ibi iwájú tí kámẹ́rà wà ni kí wọ́n dúró sí. Bọ̀dá Délé máa wá gba ike rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa gbé iṣu náà wá fún ọ ní ọ̀sán, kí o sì forí jin òun. Forí jìn ín. Àmọ́ n kò tíì yé fura sí i o. Ọkùnrin tó ń gbé iṣu lọ fún ọmọge ní ìdájí, ó yẹ ká máa wò ó.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni mo ti ń pariwo lé ọ lórí pé o máa ń fi nǹkan falẹ̀. O pẹ́ kí o tó rìn, o pẹ́ kí o tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, o pẹ́ kí o tó kó kúrò nílé mi. Lọ́tẹ̀ yìí o pẹ́ kí o tó ra ọta. Èyí nìkan ni n kò ní bá ọ wí.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, mò ń kó páálí oríṣi mẹ́ta bọ̀, àti àpótí onírin, a ó sì jọ lọ sí réènjì. Màá pè ọ́ lórí fóònù láti títì. Màá dúró níwájú ilé. Màá wá kí àgò tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá pè é. Jọ̀wọ́, Àbẹ̀kẹ́, kí o tó dìde, dá mi lóhùn.

Èmi ni,
ìyá rẹ, ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri.